Ìpín Okòwò Lórí Fóònù: Ìbéèrè Mẹ́ta fún Oníṣòwò Mùsùlùmí

Àwọn oníṣòwò a máa bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa fi áàpù orí fóònù ra ìpín okòwò? Èsì mi ni pé ìsọ̀ lásán ni fóònù jẹ́. Ohun tí ẹ rà níbẹ̀ ni a óò bi yín. Ẹni tó ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Ìkíní: kí ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà? Ẹni tí kò jẹ́ ta bíà ní ìsọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ di alájọni ilé ọtí lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni báńkì elélé. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta ọjà mímọ́, ṣùgbọ́n ó yá owó elélé. Àwọn onímọ̀ AAOIFI, tó fìdí kalẹ̀ sí Bahrain, pààlà sí i: kí gbèsè elélé má ju 30 nínú 100 iye tí gbogbo ìpín rẹ̀ tó lọ́jà, kí owó tó gba ọ̀nà èèwọ̀ wọlé má sì ju 5 nínú 100. Ìwọ̀nba èèwọ̀ tó bá wọ inú èrè yín, ẹ yọ ọ́ fún aláìní. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ọjà ìpín okòwò Èkó àti Lotus Capital ti ní àtòjọ irú ilé-iṣẹ́ tó yege láti ọdún 2012. Ẹ wò ó kí ẹ tó náwó.

Ìkejì: owó ta ni ẹ fi rà á? Áàpù mìíràn a máa yá oníbàárà lówó kí ó lè rà ju agbára rẹ̀ lọ, a sì gba èlé lé e. Nínú Súrátù Bàkárà, Ọlọ́run ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀.

Ìkẹta: ṣé ó ti di tiyín? Áàpù mìíràn kò ta ìpín kankan. Bóyá iye ọjà yóò gòkè tàbí yóò wálẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn fi owó lé. Tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ànábì wa sì kọ̀ fún Hákímù ọmọ Hísámù láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ra ìpín ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ẹ béèrè nọ́ńbà àkáǹtì yín ní CSCS, níbi tí a ń kọ orúkọ olówó ìpín sí.

Ẹ má sì gbàgbé sàká rẹ̀. Fóònù wà nínú àpò, kò sí ẹni tó ń wò yín. Ṣùgbọ́n ohun tó pamọ́, ojú Ọlọ́run tó o. Kí Ọba Alláà fi àlùbáríkà sí òwò wa. Àmín.