Ẹ Fi Aṣọ Bo Ilẹ̀ Ọgbà Yín Nígbà Ẹ̀rùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, gbogbo ẹni tó bá ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ní Kàdúná níbí mọ̀ pé ní àsìkò ọyẹ́, a lè da omi síwájú tán, kí ẹsẹ̀ wa tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ á ti gbẹ.

Láti ìparí oṣù kẹwàá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, omi ni ìṣòro ọgbà wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, garawa mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin nírọ̀lẹ́ ni mò ń bu sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ méjì péré. Omi ríra sì ni. Nígbà tí mo ṣírò owó tí mò ń san fún mẹ́ruwà, mo rí i pé ẹ̀fọ́ ọjà dínwó ju ti ilé mi lọ. Mo ti fẹ́ pa ọgbà náà tì. Koríko gbígbẹ tí aládùúgbò mi kó jọ láti dáná sun ló gbà á là.

Ìbolẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ìyẹn ni fífi koríko, ewé tàbí èèpo ohun ọ̀gbìn bo orí ilẹ̀ yí ẹ̀fọ́ ká.

KÍ NI ÌBOLẸ̀ Ń ṢE?

Kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan ló ń mu omi tí a bù. Oòrùn ń fà á láti orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, púpọ̀ nínú omi wa ni yóò bá ojú sánmà lọ. Bí a bá bò ó, oòrùn kò ní kàn án, afẹ́fẹ́ kò sì ní lá a. Èpò tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè hù dáadáa. Nígbà tí òjò bá dé, kò ní máa ta ẹrẹ̀ sí ewé tòmátì, èyí tí í máa kó àrùn bá a. Nígbà tí ìbolẹ̀ náà bá jẹrà, ó di ajílẹ̀. Ẹ ṣí ewé gbígbẹ abẹ́ igi máńgòrò wò lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju ti àgbàlá lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Bí àwọn baba wa bá gbin iṣu nígbà ẹ̀rùn, wọn a fi koríko tàbí ewé gbígbẹ dé orí ebè, wọn a sì fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí oòrùn má baà se èèbù nínú ilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tí a bò àti èyí tí a kò bò. Ó rí i pé èyí tí a bò kì í gbóná tó èkejì, ó ń pa omi mọ́, àgbàrá kì í sì í tètè wọ́ ọ lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú ilẹ̀.

ÈWO NI KÍ A YÀN?

Koríko gbígbẹ àti pòròpórò ìrẹsì ló rọrùn jù. Kí a gé koríko kí ó tó so, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èpò ni a ń gbìn. A kò gbọdọ̀ lo koríko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí.

Èèpo ẹ̀pà àti èèpo ìrẹsì pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́, ọyẹ́ lè fẹ́ wọn dànù. Kí a wọ́n omi sí wọn bí a bá ti tẹ́ wọn tán, tàbí kí a fi koríko díẹ̀ lé wọn lórí.

Pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà le, wọn kì í tètè jẹrà. Kí a gé wọn wẹ́wẹ́. Ìdí ata, ilá àti tòmátì ni wọ́n yẹ, kì í ṣe àárín ẹ̀fọ́ kéékèèké.

Lẹ́búlẹ́bú pákó ni kí a ṣọ́ra fún. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo kó o tuntun láti ilé ìlagi, mo sì pò ó mọ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ewédú mi fi pọ́n bí ẹni tí ibà dè mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń jẹ igi náà nílò náítírójìn, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fà á, ebi á wá pa ẹ̀fọ́. Èyí tó ti wà lábẹ́ adìẹ, tí a sì kó jọ fún oṣù mélòó kan títí ó fi tutù, ló dára.

BÍ A ṢE Ń BÒ Ó

Kí a kọ́kọ́ tu gbogbo èpò, kí a bomi rin ilẹ̀ kí ó mu dáadáa, kí a tó bò ó. Bí a bá bo ilẹ̀ gbígbẹ, gbígbẹ ni a bò mọ́lẹ̀. Kí ó nípọn tó ìbú ìka mẹ́ta, bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 1, yóò gba nǹkan bí àpò ìrẹsì ńlá méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta.

Kí a fi àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí ata tàbí tòmátì ká. Ohun tútù tó bá fara kan igi rẹ̀ lè mú kí ó rà, ikán tó bá sì jẹ pòròpórò tán kò ní fi ìdí ata sílẹ̀. Ibi tí ikán bá pọ̀ sí, kí a máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn a máa da ewé dongoyaro pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò kò fẹ́ kíkorò rẹ̀.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kéré gan-an. Bí a bá gbìn wọ́n, koríko fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a fi bò wọ́n, kí a sì ká a kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá yọjú. Nígbà tí wọ́n bá ga tó ìka ọwọ́, a lè wá tẹ́ ìbolẹ̀ sí àárín wọn. Nígbà òjò, kí a dín in kù, kí omi má baà dúró sídìí ẹ̀fọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: wọn kò gbọ́dọ̀ dáná nítòsí rẹ̀ nígbà ọyẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí àkeekèé àti ejò. Igi ni kí a fi ṣí i.

Lónìí, garawa mẹ́rin nírọ̀lẹ́ ti tó bẹ́ẹ̀dì méjì mi. Bí ó bá ṣòro láti gbàgbọ́, ẹ bo bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ bu omi kan náà sí méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ méjèèjì wò. Ìka yín ni yóò sọ fún yín.

Kí ọgbà wa má gbẹ, kí ọbẹ̀ má wọ́n wa nílé.