Ẹ Máa Ṣọ́ Àgbàrá Ilẹ̀ Ìkọ́lé: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbẹ̀ Etí Odò Kúdẹ̀tì

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òtítọ́ òwe yìí hàn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ. Ó tún hàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ ṣòfò. Ìdọ̀tí tí a ń dà sínú odò àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi wà lára ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí: erùpẹ̀ tí àgbàrá ń kó wá láti orí ilẹ̀ tí a ń kọ́lé sí.

Bí koríko bá wà lórí ilẹ̀, gbòǹgbò a máa di erùpẹ̀ mú, omi púpọ̀ a sì máa rì sínú ilẹ̀. Bí katakata bá ti họ ilẹ̀ náà, erùpẹ̀ a bá omi lọ. Ẹ wo ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní òòró. Bí òjò mìlímítà 25 péré bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi náà yóò kún ju 80 àgbá onílítà 200 lọ.

Ní agbègbè Mọ́lété, Kúdẹ̀tì ni ó ń gba irú omi bẹ́ẹ̀, kí ó tó gbé e lọ sínú Ògùnpa. Iyanrìn a bo ebè ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ a di ojú ilẹ̀ pa. Ìsàlẹ̀ odò a ga sókè, òjò kékeré a sì ya wọ àkùrọ̀. Omi tí a fi fọ ohun èlò sìmẹ́ńtì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń jó ewé bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ, ó sì ń pa ẹja.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ NESREA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ní ìlànà fún iṣẹ́ ìkọ́lé láti ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni olùṣọ́ òfin ń béèrè. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yan ènìyàn méjì láti ṣe báyìí:

1. Ẹ wá ibi tí gọ́tà ilẹ̀ ìkọ́lé ti wọ odò. Nígbà tí òjò bá dá díẹ̀, ẹ bu omi sínú ìgò funfun kan lókè ibẹ̀, àti sínú òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, ní àkókò kan náà. Kí gọ́tà mìíràn má ṣe wà láàárín méjèèjì. Ẹ má ṣe wọ odò tí ó kún.

2. Ẹ gbé ìgò méjèèjì kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi rúlà wọn ohun tí ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ wọn. Bí ti ìsàlẹ̀ odò bá pọ̀ ju ti òkè lọ dáadáa, ibẹ̀ ni erùpẹ̀ ti ń wá.

3. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìwọ̀n náà sínú ìwé. Ẹ ṣe é fún òjò mẹ́ta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́tù lọ bá agbaṣẹ́ṣe náà. Ẹ sọ fún un pé kí ó fi koríko sílẹ̀ ní etí ilẹ̀ rẹ̀, kí ó gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò máa rọ̀ sí kí omi tó jáde, kí ó fi àpò iyanrìn dí ẹnu gọ́tà, kí ó sì bo òkìtì erùpẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbé ìwé yín lọ sí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Àyíká ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àkọsílẹ̀ òjò mẹ́ta lágbára ju ariwo ogún ènìyàn lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Ẹrẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó wọ odò kò ní ẹni tí yóò wá sanwó láti kó o jáde.