Ewu Ojú Ọjọ́: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n, Kí Ló Sì Kan Àwa Ará Àgbàdo?

Tí ìròyìn bá sọ pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àyípadà ojú ọjọ́ lè ṣe ní jàǹbá púpọ̀, ó yẹ kí á béèrè pé kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ooru, òjò àti ọ̀dá. A fẹ́ ṣàlàyé wọn fún àwọn ìdílé wa ní Àgbàdo àti agbègbè Alímọ̀ṣọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ háyà ilé tàbí tó fẹ́ kọ́lé níbí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú ọjọ́ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ooru. Inú àpótí funfun kan tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí oòrùn kò lè ràn sí nínú, ni wọ́n ń gbé tẹmómítà sí. Ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò fi máa ń kéré sí ohun tí ẹni tó jókòó sábẹ́ páànù ń rí. Wọ́n á kọ ooru tó pọ̀ jù lọ lójúmọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ èyí tó kéré jù náà, wọ́n á wá fi wé ohun tó máa ń wà níbẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 1991 sí 2020 ni wọ́n ń lò báyìí.

Ṣùgbọ́n ní Èkó, tẹmómítà nìkan kò tó. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, òógùn kì í tètè gbẹ, ara kò sì ní rí ìtura. Wọ́n tún máa ń ṣe ìṣirò tó pa ooru àti ọ̀rinrin pọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ń parí lọ ní Ivory Coast, ìṣirò yìí tó nǹkan bíi 50°C ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí tẹmómítà ń kà kéré sí i dáadáa. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ooru kò sì tíì rọlẹ̀. Ooru òru ni kí ẹ máa ṣọ́ jù: bí òru kò bá tutù, àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ kò ní sinmi.

Ti òjò ló kàn wá jù. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó lé ní 200 mìlímítà. Lórí plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn ju táǹkì oní-1,000 lítà 130 lọ! Ó kéré tán, ogún ènìyàn kú. Ọdún méjì lè gba iye òjò kan náà, kí ọ̀kan rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí èkejì dà á sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ ọdún nìkan yóò ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, omi á sì ti wọ yàrá.

Ọ̀dá ńkọ́? Kì í ṣe àìrọ̀ òjò rárá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993, Tom McKee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń fi òjò ibì kan wé ìtàn ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Òdo ni bó ṣe máa ń rí. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ òdo dé 1, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Bó bá dé 2, ọ̀dá ti le gan-an. Nípa báyìí, 1,000 mìlímítà lọ́dún jẹ́ ọ̀dá fún Èkó, ṣùgbọ́n Sókótó tó bá gba irú òjò bẹ́ẹ̀ yóò máa sunkún omíyalé. Wọ́n lè fi oṣù mẹ́ta ṣe ìṣirò náà nítorí irè oko, tàbí oṣù méjìlá nítorí odò àti kànga. (Àgbàdo tó ń jẹ́ orúkọ àdúgbò wa yìí wà lára irè tí ọ̀dá máa ń tètè bà jẹ́.) Ní Èkó, ojú ọjà la ti sábà máa ń mọ̀ pé ọ̀dá wà: ẹ wo iye tí wọ́n ń ta kóńgò àgbàdo.

Láti wá sọ ti odindi orílẹ̀-èdè, wọ́n á tún wo àwọn tí ewu náà lè bá, àti agbára tí wọ́n ní láti gbà á mọ́ra. Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà ń to àwọn orílẹ̀-èdè báyìí lọ́dọọdún. Ó wúlò fún ìjọba. Àmọ́ ní tiwa, a kò rò pé nọ́ńbà kan lè sọ ti Bọ̀nọ́ tó ń gbẹ àti ti Èkó tó ń rì pọ̀. Omíyalé ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye kúrò nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, àjọ NiMet máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Àjọ NIHSA náà máa ń sọ ibi tí omíyalé ti lè wáyé. Ẹ wá ti Alímọ̀ṣọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ibi tí omi dé lára ògiri lẹ́yìn òjò ńlá. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ dánra wò, kí wọ́n gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà sí gbangba, níbi tí òrùlé kò ti ní da omi sí i, kí wọ́n máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù.