Oúnjẹ Ẹni tí a Gbin Eyín fún: Ọ̀rọ̀ àti Ìlànà

Nígbà tí oníṣègùn eyín bá ti parí iṣẹ́ ní ẹnu ẹni tí a gbin eyín fún, ìwé pélébé kan ni wọ́n sábà máa ń fún un mú lọ sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kókó inú rẹ̀ ni pé kí ó máa jẹ oúnjẹ rírọ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná. Bí ẹni náà bá jẹ́ ará Ṣakí, tí ó sì ní kí ọmọ òun túmọ̀ ìwé náà, ‘oúnjẹ rírọ̀’ ni ọmọ yóò pè é. Ìtumọ̀ náà kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò tó. Àmàlà rọ̀, àmàlà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, tí a bu ọbẹ̀ ata lé lórí, rọ̀ bákan náà. Àkàrà rọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ le. Gàrí tí a rẹ sínú omi rọ̀, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ a máa há sí ojú ọgbẹ́. Èwo ni kí aláìsàn jẹ nínú wọn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà kò lè dáhùn.

Kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó yé ni, ó yẹ kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yé ni. Eyín gbígbìn yàtọ̀ sí eyín àtọwọ́dá tí a ń kì bọ ẹnu láàárọ̀, tí a sì ń yọ lálẹ́. Nínú eyín gbígbìn, oníṣègùn a la ẹran ìdí eyín, a lu egungun abẹ́ rẹ̀ ní ihò, a sì mú ọ̀pá kékeré tí a fi irin táítáníọ́ọ̀mù ṣe, a yí i wọ inú ihò náà bí a ti ń yí ìdérí ìgò. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé orí eyín lé e. ‘Gbòǹgbò àtọwọ́dá’ ni orúkọ tí ó bá ọ̀pá yìí mu jù, nítorí iṣẹ́ gbòǹgbò ni ó ń ṣe. Per-Ingvar Brånemark, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣàkíyèsí ní 1952, nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí egungun ehoro, pé irin yìí lẹ̀ mọ́ egungun débi pé kò ṣe é yọ mọ́. Ní 1965 ni ó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ yìí gbin eyín sí ẹnu ènìyàn.

Ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì. Èkíní ni jíjinná. Ọgbẹ́ a máa jinná, gẹ́gẹ́ bí iṣu orí iná ti ń jinná. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú ọgbẹ́ sábà máa ń pa dé. Èkejì ni ìfìdímúlẹ̀, èyí ni pé kí egungun dàgbà yí gbòǹgbò àtọwọ́dá ká títí yóò fi dì í mú. Èyí sábà máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Kò ní ṣòro fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn láti mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí ó gbin èbù iṣu kì í hú u wò lójoojúmọ́ kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná, tí ó wá ń fi ibẹ̀ fọ́ eegun ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èbù ni ó ń hú.

Nítorí náà, kì í ṣe bí oúnjẹ ti rí lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a fi pín in, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó tó fún èyí: mu, gbé mì, àti rún.

Oúnjẹ mímu ni ti ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Ẹ̀kọ mímu ni àkọ́kọ́, ìbáà ṣe ti àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà. Omi ẹja àti wàrà mímu tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí atúmọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Yorùbá ń mu omi, ó ń mu ọsàn, ó sì ń mu tábà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi nìkan ni ó tọ́ sí aláìsàn yìí. Ẹni tí ó ń mu ọsàn ń fà á ni. Fífà lè ṣí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì sí ojú ọgbẹ́ nípò, ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì ni ìbòrí ọgbẹ́. Bákan náà ni omi inú ọ̀rá tí a ń fi eyín já létí, tí a sì ń fà mu. Ní ti tábà, tí wọ́n ti ń gbìn ní Òkè-Ògùn láti ìgbà pípẹ́, èéfín rẹ̀ ń dí jíjinná àti ìfìdímúlẹ̀ lọ́wọ́. ‘Fi ife mu ún, má ṣe fà á’ ni gbólóhùn tí ó péye. Ọ̀rọ̀ ‘tútù’ náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò sè ni a tún ń pè bẹ́ẹ̀. ‘Ohun tí a sè, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí tí ó ti tutù’ ni kí a wí. Oúnjẹ gbígbóná lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tún máa ṣàn.

Oúnjẹ gbígbémì ni ó kàn, títí di òpin ọ̀sẹ̀ kìíní. Níhìn-ín ni oúnjẹ ilẹ̀ wa ti ní àǹfààní ńlá, nítorí pé a kì í rún òkèlè. Àmàlà tí ooru rẹ̀ ti lọ, tí a bù ní òkèlè kéékèèké pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì tí kò ta, bá ìlànà oníṣègùn mu. Ẹran àti eegun inú ọbẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá a dé ẹnu. Gbẹ̀gìrì ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀wà ni, ó sì ní èròjà tí ara fi ń tún ara ṣe, èyí tí kò pọ̀ nínú ẹ̀kọ. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ oníṣúgà nìkan gbé ọ̀sẹ̀ náà já, nítorí pé ṣúgà tí ó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń fa jíjinná ọgbẹ́ sẹ́yìn.

Oúnjẹ rírún díẹ̀ ni ti àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, apá ibi tí a kò gbin eyín sí ni a ó sì fi rún un. Mọ́ínmọ́ín wà lára rẹ̀, àti àsáró, ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ìbẹ́pẹ pípọ́n àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú dì dára púpọ̀ bí a bá sè é. Èyí tí a dín ti le jù. Gúgúrú, ẹ̀pà, àgbàdo sísun, ìrèké, obì àti eegun, oúnjẹ rírún gidi ni wọ́n. Ọjọ́ tí oníṣègùn bá sọ pé ìfìdímúlẹ̀ ti parí ni ọjọ́ wọn. Orin àti pákò kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a ó máa fi yọ́ ẹnu jẹ́jẹ́.

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí fi hàn pé èdè náà tó iṣẹ́ ṣe. Ìwé pélébé ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó kàn, nítorí pé ọ̀nà Ìbàdàn sí Ṣakí jìn. Ẹni tí ó bá ti kọjá Ìsẹ́yìn kò ní padà lọ bi oníṣègùn bóyá àmàlà wà lára ohun rírọ̀. Ohun tí ó bá yé e nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘mu, má fà, gbé mì, má rún, ọgbẹ́ lè jinná kí gbòǹgbò tó fìdí múlẹ̀’, ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ohun tí yóò gbé ka iná.