Ọ̀kín Nínú Agbo Ilé: Ohun Tí Ará Iyere Tó Fẹ́ Sìn Ín Yóò Kọ́kọ́ Mọ̀

Ní Iyere, bí ó ti rí káàkiri agbègbè Ọ̀wọ̀, agbo ilé tí adìẹ ìbílẹ̀ kì í jẹ̀ kò pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀kín sísìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á a máa béèrè owó rẹ̀, a máa béèrè oúnjẹ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹyẹ náà yóò máa tẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wádìí: ẹran wo ló ti jẹ̀ níbẹ̀ rí?

Aràn tín-ín-rín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Heterakis, inú ìfun adìẹ ló ń gbé. Kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Histomonas a máa sá pamọ́ sínú ẹyin aràn yìí. Adìẹ á yà á mọ́ ìgbẹ́, ẹyin aràn á wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìkú, ekòló á sì gbé e mì. Adìẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà fi hàn pé ohunkóhun ń ṣe òun. Ọ̀kín àti tòlótòló tó bá ṣà á jẹ ni àrùn náà ń dà láàmú: apá wọn á wálẹ̀, wọn á dúró sójú kan bí ẹni tó ń tòògbé, ìgbẹ́ wọn á pọ́n bí ìyeyè. Nígbà tí olówó ẹyẹ bá fi máa rí i, ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ nínú. Àrùn yìí kò ní àjẹsára. Ẹ má ṣe da ọ̀kín pọ̀ mọ́ adìẹ, bí ó ti wù kí àyè kéré tó.

Bẹ́ẹ̀ adìẹ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láti sàba ẹyin ọ̀kín. Abo ọ̀kín máa ń yé ẹyin 4 sí 8, á máa fo ọjọ́ kan kó tó yé òmíràn, bí a bá sì ń kó wọn, á tún yé sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ẹyin fún àgbébọ̀. Kí ó jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, nítorí ọjọ́ 21 ni ẹyin tirẹ̀ fi ń pa, ti ọ̀kín sì jẹ́ 28. Ẹyin 4 tàbí 5 ti tó o. Ẹ fún un ní oògùn aràn ṣáájú, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbàrà tí wọ́n bá ti pa, sórí pákó tàbí àwọ̀n onírin tó ga kúrò nílẹ̀.

Òtútù ni ọ̀tá kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí ọmọ ọ̀kín ń sùn gbọ́dọ̀ móoru tó ìwọ̀n 35 ti Celsius, kí a máa dín in kù ní bíi 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ọmọ adìẹ kò lókun tó fún wọn. Ti ọmọ tòlótòló ni kí ẹ rà, kí ẹ fi ikán àti ewé tẹ̀tẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ kún un.

Ọyẹ́ ni lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, máa ń jà jù lọ. Kí oṣù Bélú tó parí ni kí gbogbo ẹyẹ ti gba àjẹsára. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é. Oṣù Agẹmọ àti Ọwẹ́wẹ̀, tí Ọ̀wọ̀ ń ṣọdún Igogo, ni òjò ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ á rin, ekòló á jáde. Ìgbà náà ni kí a tún oògùn aràn lò, kí a sì máa pààrọ̀ ìyẹ̀fun pákó inú ilé wọn.

Ilé náà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 2 àti ààbọ̀, kó fẹ̀ tó mítà 3, kí ìrù akọ má baà máa fọ́ mọ́ ògiri. Ẹ fi àwọ̀n bo òkè rẹ̀ nítorí àwòdì àti ẹtà, kí ẹ sì gbé igi tó nípọn sókè fún wọn láti sùn lé. Akọ 1 tó fún abo 3 sí 5. Ẹ sọ fún aládùúgbò kí ẹ tó kó wọn dé: igbe ọ̀kín ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ń rìn jìnnà.

Ohun tí a ń pè ní ìrù akọ kì í ṣe ìrù gan-an. Ìyẹ́ ẹ̀yìn tó gùn ni, tó tó 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrù gidi, tó kúrú, ló fi ń gbé e dúró. Bí ẹ bá gún ìyẹ́ náà kúnná, àwọ̀ ilẹ̀ ni ẹ óò bá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára rẹ̀ ló sọ ọ́ di búlúù àti ewéko. Lọ́dọọdún ló ń já, tí òmíràn ń hù, nítorí náà kò sí ìdí láti fa ìyẹ́ ẹyẹ alààyè tu.

Ọ̀kín yìí, Íńdíà àti Siri Láńkà ni ilé rẹ̀. Íńdíà sọ ọ́ di ẹyẹ orílẹ̀-èdè ní 1963. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa náà ní ọ̀kín tirẹ̀, nínú igbó Kóńgò. James Chapin, onímọ̀ nípa ẹyẹ, rí ìyẹ́ rẹ̀ kan lára fìlà níbẹ̀ ní 1913, kò mọ ẹyẹ tó ni ín, títí di 1936 tó fi rí òkú ẹyẹ náà méjì tí wọ́n kó pamọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìyẹn kò sí lọ́jà, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọdún kẹta ni ìrù akọ tó ń kún dáadáa. Ẹni tó bá ra ọmọ lọ́dún yìí kó má retí rẹ̀ ṣáájú. Ẹyẹ tí a bá tọ́jú a máa gbé ọdún 15 sí 20.