Ohun Tí Atukọ̀ Òfúrufú Rí Tí Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Bí atukọ̀ òfúrufú bá rí ohun àjèjì lójú ọ̀run, ṣé kí ó sọ ọ́ ni, tàbí kí ó gbé e mì?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1954, bàálù ilé-iṣẹ́ BOAC kan ń ti New York lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Lókè Labrador ní Kánádà, ọ̀gá atukọ̀, James Howard, rí ohun dúdú ńlá kan lọ́nà jíjìn, àti kékeré mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bá bàálù rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn èrò náà rí i. Nígbà tí wọ́n balẹ̀ sí Goose Bay, àwọn ológun òfúrufú Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ìwádìí tí Yunifásítì Colorado ṣe, tí ó jáde ní 1969, wí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ohun àdáyébá ni, ṣùgbọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Títí di 1969, ìròyìn 12,618 ni àwọn ológun òfúrufú Amẹ́ríkà kó jọ. Ìràwọ̀, ìkuukùu àti bàálù ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n 701 ṣẹ́kù tí wọn kò rí ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi irọ́ dí i.

Ẹ wá wo ti Kenju Terauchi, ará Japan, tí ó rí iná àjèjì lókè Alaska ní oṣù Kọkànlá, 1986. Ìjọba Amẹ́ríkà wádìí. Ní 1987, wọ́n ní rédà kò jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn oníwèé-ìròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n mú un kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì. Ta ni yóò rí irú èyí tí yóò tún fẹ́ la ẹnu? Ní 2023, ìgbìmọ̀ NASA fúnra rẹ̀ wí pé ojú burúkú tí a fi ń wo ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ń dí ìwádìí lọ́wọ́.

Ewu ńlá nìyí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Iná tí a fi ṣe ẹlẹ́yà lónìí lè jẹ́ bàálù mìíràn tí ó ń bọ̀ wá kọlu ọkọ̀ èrò lọ́la. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni, ní Àjàgbà tàbí níbikíbi, bá ní òun rí ohun àràmàǹdà, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe sáré pè é ní iwin. Ẹ bi í ní aago tí ó rí i àti apá ibi tí ó gbà. Ẹ bi ẹlẹ́rìí kejì lọ́tọ̀. Bí kò bá sì yé yín, “a kò mọ̀” kì í ṣe ìtìjú.