Bí Ewu Bá Dé Lójú Ọ̀run, Kí Ni Awabàálù Yóò Sọ?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ bí a ti ń wa bàlúù kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé rédíò ń dẹ́rù bà wọ́n ju bíbalẹ̀ lọ. Adarí tó wà nínú ilé ìṣọ́ gíga ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ń sọ̀rọ̀ kíákíá, àwọn awabàálù mìíràn sì ń gbọ́. Ojú a máa ti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n má baà gbọ́ àṣìṣe rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò le. Awabàálù yóò pe ilé ìṣọ́, yóò sọ orúkọ bàlúù rẹ̀, ibi tó wà àti ohun tó ń fẹ́. Bí wọ́n bá fún un láṣẹ láti balẹ̀, yóò tún un sọ padà, kí adarí lè mọ̀ pé ó gbọ́ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kó sọ lórí rédíò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí adarí lè rọra bá a sọ̀rọ̀. (Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n àwa ọkùnrin kì í fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀!)

Bí ewu bá dé ńkọ́? “Mayday” ni wọn ń pè, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti inú èdè Faransé ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ẹ gbà mí.” Adarí tó bá gbọ́ ọ yóò fi ẹni náà ṣáájú gbogbo àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, wọ́n dá bàlúù ńlá Avianca 52 tí ń lọ sí New York dúró sójú ọ̀run fún wákàtí kan ó lé. Àwọn awakọ̀ sọ pé epo ń tán, wọ́n ní kí a fi àwọn ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò pe “Mayday,” wọn kò sì sọ pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Epo tán. Bàlúù já, ènìyàn 73 nínú 158 sì kú.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2022, bàlúù kékeré kan, Cessna 208, ń bọ̀ láti erékùṣù Bahamas sí Florida. Àìsàn kọlu awakọ̀ lójijì, kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Bàlúù dorí kodò, èrò kan sì fà á sókè. Ọkùnrin yìí kò wa bàlúù rí, kò sì mọ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀. Ó kàn wí tààrà lórí rédíò pé awakọ̀ òun kò sí ní ipò tó yẹ, òun kò sì mọ bí a ti ń wà á.

Ní Palm Beach, Robert Morgan ń sinmi níta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Adarí ni, ó sì ti kọ́ àwọn ènìyàn ní wíwa bàlúù, ṣùgbọ́n kò wa irú èyí rí. Ó wá àwòrán iwájú awakọ̀ bàlúù náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì ń fi í darí ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kó mú ìyẹ́ rẹ̀ dọ́gba, kó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ yìí yè nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tó ku díẹ̀, bàlúù náà kúrò lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin náà dé: ó ti balẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ rẹ̀?